Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì wo ló yẹ ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ló máa ń dí àárín tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) àti ara ẹ́ńjìnnì; tọ́bò ló máa ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MLS ni kí ẹ rà: irin pẹlẹbẹ bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n tò léra. Ó máa ń fara da agbára tọ́bò ju àwọn tí kì í ṣe irin lọ. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ihò písítìnì lọ.

Àmọ́ kì í di ojú tí kò bá dán, tí kò sì tẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi sáńpépà ha tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Tí tọ́ọ̀pù náà bá ti wọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí gáskẹ́ẹ̀tì náà. Bóòtù tuntun ni kí ẹ lò, kí wọ́n máa dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí.