Mo ti há framework sórí, síbẹ̀ wọn ò gbà mí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti di agbaninímọ̀ràn fún àwọn iléeṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọn ò gbà mí. Mo há gbogbo framework, ìyẹn àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń tú ìṣòro iléeṣẹ́ wò, sórí, síbẹ̀ wọ́n ní mi ò fetí sí ìbéèrè. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n ṣe òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó síhà kejì tábìlì yẹn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gba ohun tí wọ́n sọ fún yín gbọ́. Ẹni tó há framework sórí kì í pẹ́ hàn. Bí wọ́n bá ti ní "èrè iléeṣẹ́ kan ń dín kù", kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń tà tó ti ń ka oníbàárà, abánidíje, ọjà. Ìdáhùn tó bá gbogbo iléeṣẹ́ mu kò lè wúlò fún èyí tí wọ́n bi í.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan lára ìṣòro iléeṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní case. Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ kan ta mílíọ̀nù 1 ẹyọ ọjà, dọ́là 100 ni ẹyọ kan. Lọ́dún yìí, mílíọ̀nù 1.2 ló tà, iye owó rẹ̀ ò yí padà. Síbẹ̀ èrè kúrò ní mílíọ̀nù 20, ó di 18. Ẹni tó fetí sílẹ̀ á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ọjà, torí owó tó wọlé ti mílíọ̀nù 100 di 120. Ìnáwó la máa tú wò. Ẹ bèèrè pé: èwo ni kì í yí padà nínú rẹ̀, bí owó ilé, èwo ló ń bá iye ọjà lọ sókè? Ká ní wọ́n ní èyí tí kì í yí padà jẹ́ mílíọ̀nù 30 lọ́dún méjèèjì. Ẹ wá ṣe ìṣirò yín kí wọ́n máa gbọ́: ìnáwó tó kù lọ́dún tó kọjá jẹ́ mílíọ̀nù 50, dọ́là 50 lórí ẹyọ kan. Tọdún yìí jẹ́ mílíọ̀nù 72, dọ́là 60 lórí ẹyọ kan.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dákẹ́. Wọ́n rí 60, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ má dákẹ́! Ẹ sọ ohun tí 60 yẹn ń wí: "Ká ní ó dúró lórí 50 ni, èrè wọn ì bá di mílíọ̀nù 30. Dọ́là 10 tó gorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti gba mílíọ̀nù 12 lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun èlò ló wọ́n, tàbí irú ọjà tí wọ́n ń tà ló yí padà." Irú ọ̀rọ̀ báyìí la máa ń retí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìṣẹ́jú kan láti ronú, ẹ tọrọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ẹ tún wádìí bí iléeṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe ń ṣe é. Ní McKinsey, iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ńlá kan, ẹni tó ń bi yín ló sábà máa ń darí, ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn. Ní BCG àti Bain, tí àwọn náà jẹ́ iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń fi ìdarí lé lọ́wọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ẹ má kó case ogójì jọ. Mẹ́wàá tó, bí ẹnì kan bá jókòó bi yín, tí ẹ sì gba ohùn ara yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè gbọ́ ibi tí ẹ ti sáré kọjá ọ̀rọ̀ ẹni náà.

Ohun kan tún wà tó máa bá yín dé ẹnu iṣẹ́. Barbara Minto ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ McKinsey pé kí ìdáhùn ṣáájú, kí àwọn ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó ń kánjú lọ sípàdé kò ráyè gbọ́ ìtàn kó tó gbọ́ ibi tó já sí. Láti òní lọ, kẹ́ ẹ tó fi ìméèlì kankan ránṣẹ́, ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni ìdáhùn, ẹ gbé e lọ sókè pátápátá.