Ẹ Yéé Purọ́ fún Ọkàn Yín Níwájú Dígí

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń dúró níwájú dígí láràárọ̀, tí mò ń sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún pé "Ayé mi dùn, n kò ní ìṣòro kankan", bí wọ́n ṣe kọ́ wa lórí WhatsApp. Ńṣe ni ìbànújẹ́ mi ń pọ̀ sí i. Ṣé kí n sọ ọ́ di igba ni?

Ìdáhùn: Rárá o, màmá. Ẹ dá a dúró.

Ó ń dùn mí pé àwọn èèyàn ń gbowó lórí irú ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n sì ń pè é ní positive psychology, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tó ń mú kí ayé èèyàn dùn. Ìmọ̀ yìí, tí Martin Seligman, onímọ̀ nípa ọkàn, gbé lárugẹ ní Amẹ́ríkà láti 1998, kò ní kéèyàn purọ́ fún ara rẹ̀. Ní 2009, Joanne Wood, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ní kí àwọn kan máa tún un sọ pé ẹni tó ṣeé fẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tí kò ka ara wọn sí tẹ́lẹ̀ tó sọ ọ́, ọkàn wọn tún rẹ̀wẹ̀sì ju ti àwọn tí kò sọ ọ́ lọ. Bí ẹnu bá ń sọ pé kò sí ìṣòro, tí gbèsè ọjà sì wà nílẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, á máa ka ìṣòro náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà ọgọ́rùn-ún lẹ sọ ọ́, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ọkàn já irọ́ yín.

Mi ò bá àdúrà jà. Ẹni tó ń wúre ń tọrọ ohun tí kò tíì dé. Kò sọ pé ó ti dé.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré. Fún ọjọ́ méje, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun mẹ́ta tó lọ dáadáa lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. "Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí" lálaalẹ́ kò ní pẹ́ sú yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Oníbàárà kan san gbèsè àǹkárá. Ìdí: mo pè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò sì pariwo lé e lórí." Ẹ rí i pé ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá burú, ẹ̀kọ gbígbóná tàbí iná tó dé náà tó kọ. Gbèsè ṣì jẹ́ gbèsè. Ẹ má díbọ́n pé kò sí.

Nínú ìwádìí Seligman ní 2005, ìyípadà tí ọ̀sẹ̀ kan yìí mú wá ṣì hàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pàápàá lára àwọn tí kò jáwọ́. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e rí èrè tó kéré sí i, nítorí náà ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Bó bá fẹ́ sú yín lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù méjì tí ẹ dárúkọ yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìwé àjákọ kì í ṣe ìtọ́jú àìsàn. Bí ìbànújẹ́ bá wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun tàbí oúnjẹ kò lọ déédéé, tí nǹkan kò wù yín ṣe mọ́, ẹ lọ rí dókítà ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí. Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ kú, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ má dá wà, kí ó sì mú yín lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ láìbá dókítà tó kọ ọ́ fún yín sọ̀rọ̀.