Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́, ẹ má wá adùn yẹn mọ́

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Àǹtí wa. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, aránṣọ ni mí, mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi náà ti ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di àtọ̀gbẹ. Kílò 92 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀, láti Òkè-Balógun lọ sí etí ọ̀sà. A rán ẹ̀wù kan náà, à ń rẹ́rìn-ín, à ń ya fọ́tò. Mo pa ẹ̀bà alẹ́ tì. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti bọ́ sí kílò 86. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù méjì báyìí tí sìkélì ò yẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Ìkòròdú, àwọn méjì yòókù ò jáde mọ́. Èmi nìkan ló kù, ó sì ti sú mi. Tí mo bá kírun Àsùbá tán, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń padà sí. Mo sì ti padà sídìí ẹ̀bà. Ìyá ọkọ mi ní mo ti rù jù, pé àwọn èèyàn ń bi òun bóyá ọmọ òun ò tọ́jú mi ni. Ẹnì kan ní kí n lọ ra tíì tó ń fọ ikùn. Ẹ̀yin Àǹtí, ṣé ọ̀lẹ ni mí ni? Báwo ni mo ṣe lè rí adùn tí mo kọ́kọ́ ní yẹn padà? Èmi ni, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á wo Táyé àti Kẹ́hìndé fún yín.

Ẹ bi mí bóyá ọ̀lẹ ni yín. Ẹni tó ń jókòó ti máṣínì láti àárọ̀ títí tí iná á fi lọ, tó tún ń tan jẹnẹrétọ̀ kí aṣọ oníbàárà lè pé kí Sátidé tó dé, ẹni yẹn ò mọ ọ̀lẹ. Ó rẹ̀ yín ni, àwọn tí ẹ sì fẹ̀yìn tì ti lọ. A máa dé orí ìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan, torí mo rí nǹkan kan nínú lẹ́tà yín tí ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ò rí.

Lọ́dún 2002, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde. Èèyàn 3,234 ni wọ́n lò, gbogbo wọn ló sì wà nípò tí ẹ wà yìí: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn tàbí kí wọ́n ṣeré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n máa kà á, àtọ̀gbẹ tó mú àwọn wọ̀nyí fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Kódà tiwọn tún dáa ju ti àwọn tó ń lo metformin, ìyẹn oògùn ṣúgà, lọ. Ẹ mọ iye kílò tí wọ́n dín kù, tí a bá pín in lé orí gbogbo wọn? 5.6 péré. Ẹ̀yin ti dín mẹ́fà kù. Ìdá méje nínú kílò 92 yín ò sì ju 6.4 lọ. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ní kí àwọn yẹn dé, ẹ wá ń sunkún fún mi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan!

Sìkélì tó dúró yẹn, kò sí ẹni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi ló sì máa ń fi tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dín ẹ̀bà kù, bí ṣúgà yẹn ṣe ń tán ni omi ń bá a lọ, ìyẹn ni sìkélì fi ń já wálẹ̀ lójú yín. Omi tó bá ti lọ tán ò lè tún lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ara tó ti fúyẹ́ kì í ná oúnjẹ tó bó ṣe ń ná tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbé kílò 86 lọ sí etí ọ̀sà ò ṣiṣẹ́ tó èyí tó ń gbé 92 lọ. Nítorí náà, ìrìn kan náà, oúnjẹ kan náà, sìkélì á dúró ni.

Ẹ gbé sìkélì yẹn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣebí tépù wà lọ́rùn yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹ fi ń wọn ara ẹlòmíì. Lálẹ́ òní, tí oníbàárà bá lọ tán, ẹ fi yí ikùn ara yín ká, lókè egungun ìbàdí díẹ̀. Ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ má fún tépù. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá nǹkan bí íǹṣì 35, ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti pọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, ẹ kọ déètì sí i, ó di oṣù tó ń bọ̀. Aránṣọ ló lè sọ fúnra ẹ̀ bí íǹṣì kan ṣe pọ̀ tó.

Ní ti adùn tí ẹ ń béèrè, èrò tèmi ni pé kí ẹ má wá a mọ́. Ẹ wo ohun tó dùn nígbà yẹn: ẹ̀wù tuntun, ẹ̀rín ọ̀rẹ́, fọ́tò, sìkélì tó ń já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrìn náà gan-an ò sí lára wọn. Nígbà tí gbogbo wọn lọ, ìrìn nìkan ló ṣẹ́ kù, ìrìn kì í sì í dùn mọ́ ẹni tí oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Kò pọn dandan kó dùn. Ṣé fífọ eyín ń dùn mọ́ yín ni? Ẹ ṣáà ń fọ̀ ọ́, ẹ kì í bi ara yín bóyá ó wù yín lónìí, torí ó ti mọ́ yín lára. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé ìrìn yìí dé.

Kì í yá. Àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù gba èèyàn 96, wọ́n ní kí kálukú mú ohun kékeré kan tí á máa ṣe lójoojúmọ́, bíi kó jẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, tàbí kó sáré díẹ̀ kó tó jẹun alẹ́. Wọ́n wá ń wo ìgbà tí nǹkan náà á di ohun tí èèyàn ń ṣe láìròó. Ó mọ́ ẹlòmíì lára lọ́jọ́ 18. Wọ́n ṣírò ti ẹlòmíì dé ọjọ́ 254. Ẹni tó wà láàárín, ọjọ́ 66. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé ọjọ́ kan tí èèyàn bá fò, kò ba nǹkan kan jẹ́. Torí náà, tí òjò bá rọ̀ ní Túsìdeè, ẹ jáde ní Wẹ́sìdeè, ẹ má bára yín jà.

Ẹ̀yin náà sì ti ní ohun tí ẹ máa so ìrìn yìí mọ́. Ẹ ń jí kírun Àsùbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tì yín, bẹ́ẹ̀ jíjí yẹn ló le jù. Kí ẹ tó sùn, ẹ gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ má padà wọ yàrá, ẹ má wo fóònù, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fọwọ́ sí. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yí padà, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má lọ jù bẹ́ẹ̀, kódà tó bá wù yín, torí ọjọ́ tí ara bá wúwo, kò sí ẹni tó lè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn ti jẹ́ 150. Kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ ẹ ò lè kọrin. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ojú ń ṣú yín lọ́nà, ẹ dúró, kí ẹ gba ọsibítù lọ.

Ọjọ́ tí ti àárọ̀ ò bá ṣeé ṣe, ẹ má sọ pé ọjọ́ ti bàjẹ́. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ èyí tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ kúrò, pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kó tó kà. Gbogbo ẹ̀ ló ń kà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ ra òwú àti síìpù, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa lọ. Tí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ dìde lórí àga, ẹ jókòó, ẹ tún dìde, láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe ìyẹn, kí iṣan itan yín lè lágbára.

Ẹ ò nílò ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Ẹnì kan tó. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín, èyí tó ń tètè dé ṣọ́ọ̀bù, kó máa bá yín rìn. Èyí tó kó lọ sí Ìkòròdú náà, ṣé ó ti gbàgbé yín ni? Ẹ pè é lórí fóònù nígbà tí ẹ bá ń rìn, kí òun náà máa rìn lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti dákẹ́, kó máa tì í lójú láti sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ló dùn mí jù. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́dọ̀ wa, tí ìyàwó bá sanra, ọkọ ń tọ́jú ẹ̀. Tó bá fọn díẹ̀, àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ọkọ. Màmá ò kórìíra yín. Orúkọ ọmọ ẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún, ó sì ṣeé ṣe kó máa rò pé àìsàn kan ń ṣe yín tí ẹ ń fi pa mọ́ fún òun. Ẹ má jẹ́ kí ó máa rò ó nìkan. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún un: "Màmá, dókítà ló ní kí n dín ara kù kí àtọ̀gbẹ má bàa mú mi. Ọmọ yín ò febi pa mí." Kí ọkọ yín wà níjòókòó, kí òun náà sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, torí orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n ń dá. Èmi ò gbà kó dákẹ́ kó jẹ́ kí ẹ̀yin nìkan máa jà á. Tí ẹ bá sì ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú Màmá dání, kí nọ́ọ̀sì wọn tiwọn náà. Ìyá tó bá fetí ara ẹ̀ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ, òun gan-an láá máa gbèjà yín láàárín àwọn aládùúgbò.

Ẹ̀bà ńkọ́? Ẹ pa á tì pátápátá, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ fi ìbínú padà sí i. Ẹ máa jẹ ẹ́, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ nínú abọ́, kí ẹ sì fi ẹja kún un, torí ẹja máa ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó. Èwo ni kí n máa sọ fún ará Ẹ̀pẹ́ nípa ẹja? Olúwo ò jìnnà sí yín: àrọ̀ wà, epìyà wà, ọ̀bọ̀kún wà. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án, ẹ dín díndín kù. Ṣíbí ìjẹun kan epo ti tó 120 kálórì. Iyọ̀ náà, pàápàá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru: gbogbo iyọ̀ tí ẹ máa jẹ lójúmọ́, títí kan ti inú mágí, kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Tí ọdún Káyókáyó bá sì dé, kò sí ẹni tó máa ní kí èèyàn tì ara ẹ̀ mọ́lé lọ́jọ́ tí Ẹ̀pẹ́ ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà kan, ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹun pẹ̀lú àlejò yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kírun Àsùbá, ẹ wọ bàtà.

Tíì tó ń fọ ikùn yẹn, ẹ má rà á. Ewé senna ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tó ń múni yàgbẹ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Tí èèyàn bá ń mu ún lọ bẹ́ẹ̀, ó lè fa èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium nínú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn sì lè da ìlù ọkàn rú, àgàgà fún ẹni tó ń lo irú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú kéèyàn máa tọ̀. Tí dókítà bá ti fún yín ní oògùn, ẹ má tìtorí pé ẹ ti fúyẹ́ dá a dúró fúnra yín.

Ẹ ò sọ fún mi iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru yín jẹ́ báyìí, ẹ ò sì sọ bóyá wọ́n ti tún ṣúgà yẹn wò láti ìgbà Iléyá. Kílò nìkan lẹ kọ. Ẹ padà sí ọsibítù láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn méjèèjì. Ti ṣúgà, ẹ má tíì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun wá. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tépù, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí lẹ́tà yín.