Bí Ìjọba Ìlú Bá Fẹ́ Fi Ọgbà Ìgbafẹ́ Háyà fún Àjọ Aládàáni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, amòfin. Ìjọba ìlú wa fẹ́ fi ọgbà ìgbafẹ́ tí gbogbo wa ń lò háyà fún àjọ aládàáni kan tí kì í ṣe fún èrè, fún ọdún 30. Ṣé a ó ṣì lè máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ni kí a wò nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?

Ìdáhùn: Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè ni ìdí tí àjọ náà fi ní láti háyà ilẹ̀ rárá. Ìkáwọ́ ẹni tí ó háyà ilẹ̀ ni ilẹ̀ náà wà títí àsìkò yóò fi pé, òun ni yóò sì máa sọ ẹni tí yóò wọlé, àyàfi ibi tí ìwé bá ti dè é lọ́wọ́. Àdéhùn ìtọ́jú kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ nìkan ni ìjọba gbé fún àjọ. Ọgbà Central Park ní New York wà lábẹ́ irú èyí: àjọ aládàáni Central Park Conservancy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí ó kọ́kọ́ bá ìlú ṣe ní ọdún 1998, tí wọ́n sì ti tún ṣe láti ìgbà náà, síbẹ̀ ìlú ni ó ni ọgbà, ìlú ni ó sì ń ṣe òfin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ koríko, òdòdó àti àga ni àjọ yín fẹ́ máa bójú tó, àdéhùn ìtọ́jú ti tó fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé ńlá, mo lè lóye pé wọ́n ń béèrè fún ọdún gígùn, nítorí pé ta ni yóò da owó sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la?

Ẹ má sì gbà láìwádìí pé ìjọba ìlú ní àṣẹ láti ṣe é. Ní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York sọ pé ìlú kò lè kọ́ ibi ìsẹ́ omi sábẹ́ ilẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ Van Cortlandt Park láìgba àṣẹ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi mímu ará ìlú ni.

Ẹ tún wá ìwé tí ìlú fi gba ilẹ̀ náà níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ta ìlú lọ́rẹ, tí ó sì sọ bí kí wọ́n ṣe lò ó, ìháyà lè ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọgbà Baconsfield sílẹ̀ fún ìlú Macon, ní Georgia, kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni kí ó máa lò ó. Nígbà tí ìlú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ọgbà bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó aládàáni. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 1966 pé pípààrọ̀ alábòójútó kò sọ ọgbà gbogbo ìlú di ti aládàáni, nítorí náà wọn kò lè tìtorí àwọ̀ ara lé ẹnikẹ́ni jáde. Àmọ́ ní ọdún 1970, ilé ẹjọ́ yìí kan náà fara mọ́ ìdájọ́ Georgia pé kí ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn àjogún ẹni tí ó fi í sílẹ̀, nítorí pé wọn kò lè tẹ̀lé ìwé ìhágún rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú ṣe pàdánù rẹ̀.

Ní ti ìwọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ìlérí tí wọ́n ṣe ní ìpàdé kò de ẹnikẹ́ni. Kí ìwé sọ wákàtí tí ọgbà yóò fi ṣí sílẹ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n lè tì í lọ́dún kan fún àpèjẹ olówó, bí apá tí wọ́n lè tì ti tóbi tó, àti pé àṣẹ ìjọba ìlú ni wọn yóò gbà kí wọ́n tó bu owó lé ohunkóhun. Kí ó sọ pẹ̀lú pé ará ìlú lè pé jọ síbẹ̀ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni ó máa ń gbàgbé èyí.

Owó tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ padà sínú ọgbà, kí aṣàyẹ̀wò owó tí kì í ṣe ọmọ àjọ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ọdún 30 láìsí àtúnyẹ̀wò pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹ béèrè fún àtúnyẹ̀wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú àṣẹ fún ìlú láti gba ọgbà padà bí wọ́n bá yẹ àdéhùn, kí àjọ má sì lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ ni kí ó di ti ìlú nígbà tí àsìkò bá pé.

Kí ọjọ́ ìpàdé gbogbo ènìyàn tó dé, ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà lódindi pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn, kí ẹ sì fi wé ọgbà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí àti pápá eré àwọn ọmọdé wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi háyà.