Kí ló dé tí Nepenthes mi ò yọ ìkòkò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Nepenthes talangensis kan ní London níbí, ewéko tó ń fi ìkòkò tó ń yọ ní ṣóńṣó ewé ẹ̀ pa kòkòrò jẹ, ẹni tó tà á sọ pé ilẹ̀ olóoru ló ti wá, ni mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, mo gbìn ín sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá, mo ń fi omi ẹ̀rọ bomi rin ín. Ewé ń yọ, ìkòkò ò yọ, ṣóńṣó ewé kàn ń gbẹ ni.

Ìdáhùn: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ooru alẹ́ ló ń dà á láàmú jù. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ olóoru ló ti wá, àmọ́ orí òkè ni, Òkè Talang ní Sumatra lórílẹ̀-èdè Indonesia, òkè ayọnáyèéfín ni, ó bú lọ́dún 2005 kódà. Ibẹ̀ nìkan ló ń hù sí, láti nǹkan bíi mítà 1,800 sí 2,500 sókè ìtẹ́jú òkun, ọdún 1994 làwọn onímọ̀ ewéko ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ tó ń jẹ́ yìí. Tó bá ti dalẹ́ lókè yẹn òtútù á mú gan-an, ìkùukùu á bo igbó, gbogbo ara igi á tutù rinrin. Torí náà gbé e kúrò nídìí hítà lónìí, wá yàrá tó mọ́lẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án tó sì lè wálẹ̀ sí bíi dígírì 12 sí 15 lóru.

Wo ṣóńṣó ewé ẹ̀ tuntun, wà á rí kókó kékeré kan bí orí ìṣáná, ìkòkò nìyẹn, afẹ́fẹ́ hítà tó gbẹ ni kì í jẹ́ kó wú. Tó bá là tán ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, pẹ̀lú àmì pupa, omi inú ẹ̀ á máa fà bí ilá, kòkòrò tó bá yọ̀ sínú ẹ̀ ò jáde mọ́.

Omi ńkọ́? Yẹ ìdí kẹ́tùlù ẹ wò, funfun tí omi ẹ̀rọ fi sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn náà ló ń kó jọ sídìí gbòǹgbò ewéko ẹ. Omi òjò ni kó o máa bù fún un. Ilẹ̀ ọlọ́ràá yẹn náà, jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́, fi sphagnum moss (ewéko irà tó máa ń fa omi mu) àti perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) rọ́pò ẹ̀: ilẹ̀ tí ò lọ́ràá ló mọ́ ọn lára, ìdí tó fi ń pa kòkòrò jẹ nìyẹn. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o fún un lóúnjẹ, èèrà kan tó, má fi ẹran sí i, á jẹrà tòun ti ìkòkò.

Ewé tí ṣóńṣó ẹ̀ ti gbẹ ò lè yọ ìkòkò mọ́, èyí tuntun lo máa retí, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n má gé àwọn tàtijọ́ o, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un.