Ìdérí ẹ́ńjìnì bàálù tó là: ẹ wá ohun tó là á ná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàálù kékeré oníjòkòó méjì là ń fọwọ́ ara wa tò ní Òṣogbo níbí. Ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀, fáíbà ni, ti là níbi ihò sukurúù méjì, ó sì ti ń dúdú níbi tó dojú kọ páìpù sàlẹ́ńsà. Oníbọ́dì kan ní òun á fi fílà dí i. Ṣé ìyẹn tó? (Olùkàwé, Òkè-Fíà)

ÌDÁHÙN: Kò tó rárá. Fílà, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ojú bọ́dì kó lè jọ̀lọ̀, ò lágbára, ojú ló ń tún ṣe. Aṣọ fáíbà lagbára wà, rẹ́síìnì, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó ń gbẹ di líle, kàn ń dì í mú ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tó fi là. Ẹ gbé ìdérí náà síbi tó yẹ láìdè é, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ihò rẹ̀ ò bá ti ara bàálù mu, tí wọ́n wá fi sukurúù fà á wọlé tipátipá. Bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí èyí, ibẹ̀ náà ni yóò tún là. Ẹ dí ihò àtijọ́ pọ̀ mọ́ àtúnṣe, kí ẹ lu tuntun nígbà tí ìdérí bá ti jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi wáṣà sábẹ́ orí sukurúù.

Epo ẹ́ńjìnì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá fi acetone, omi tó ń ṣí ọ̀rá kúrò, nù ún títí aṣọ funfun ò fi ní dọ̀tí mọ́. Ìgbà yẹn lẹ tó lè mú sáńpépà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sáńpépà há a, ńṣe ló ń tẹ epo wọnú fáíbà, rẹ́síìnì ò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ lu ihò 3 mm sí ìparí ìlà tó là, kó má bàa sáré síwájú. Láti inú, ẹ fi sáńpépà 80 há a kó máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀: bí ó bá nípọn tó 2 mm, kí ẹ há a tó 24 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ fáíbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ́ kó tóbi ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Epoxy ni kí ẹ lò, irú rẹ́síìnì kan tí wọ́n ń po mọ́ hardener, èròjà tó ń mú un le. Polyester, irú rẹ́síìnì mìíràn, kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ epoxy tó ti gbẹ. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn epoxy àti hardener bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Kí ẹnikẹ́ni má fi hardener kún un pé kó lè tètè gbẹ: rírọ̀ ni yóò máa rọ̀. Nínú ooru Òṣogbo, ẹ má po ju 100 g lọ lẹ́ẹ̀kan, inú àwo pẹrẹsẹ sì ni. Nínú kọ́ọ̀pù, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi rú èéfín. Lásìkò òjò, bí ó bá gbẹ tán tó ń yọ̀ bí ọ̀rá lójú, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó há a.

Ibi tó dúdú ńkọ́? Ẹ gé gbogbo èyí tó jóná kúrò. Epoxy tí a kò fi iná sè máa ń rọ̀ kí ooru tó dé 100°C, nítorí náà àtúnṣe nìkan ò lè gbà yín. Àlàfo 25 mm, ó kéré tán, ni kó wà láàrin páìpù àti ìdérí, kí ẹ sì kan páànù stainless sínú ìdérí, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àlàfo wo ló yẹ kó wà láàrin ìdérí àti ṣóńṣó tó bo àárín abẹ̀bẹ̀ iwájú?

ÌDÁHÙN: 5 sí 6 mm. Bí rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnì bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó náà fi 2 sí 3 mm ga ju ìdérí lọ, torí ìwúwo ẹ́ńjìnì yóò tẹ rọ́bà náà wálẹ̀ tó bá yá.