Ẹ BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ MÀMÁ: Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún omi

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé bàbá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó la ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa tí wọ́n fi páànù bò. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ ti ń bọ́ bàtà oko, ibẹ̀ náà ni àwọn ìbejì ń ju bàtà ilé-ìwé sí. Omi máa ń dúró ní igun kan, ara ògiri ń ṣí, ẹrẹ̀ pupa sì ń bá wọn wọ pálọ̀. Owó tí bíríkìlà dá lé wa ju agbára wa lọ. ₦200,000 ni mo tíì rí kó jọ. Mo fẹ́ tẹ́ táìlì, kí n ra kọ́bọ́ọ̀dù, kí n sì kun ibẹ̀ ní funfun kí àwọn ará ilé tó ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ wọn jáde ní Ojúde Ọba tó dé. Báwo ni mo ṣe lè fọwọ́ ara mi ṣe é? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra táìlì, ẹ má tíì ra kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì tíì gbé ọ̀dà wọlé. Omi ló ń ba ibẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀ṣọ́ lé e lórí láì wá ọ̀nà fún un, kí ọdún tó yí po, táìlì á ti máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀dà á sì ti ṣí. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí obìnrin tó kó owó àjọ rẹ̀ lé ohun tó rẹwà nígbà tí ìdí rẹ̀ ń jẹrà.

Lọ́la, bí ẹ bá fọṣọ tán, ẹ gbá ilẹ̀ náà mọ́, kí ẹ da odindi korobá omi kan sí i. Ẹ dúró wò ó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó bá dúró sí ká, kí ẹ sì wo ibi tó ń wá ọ̀nà gbà. Ibẹ̀ ni ìṣàn yóò máa kọjú sí, bí kò bá ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, ẹ jáde síta. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé yẹ̀pẹ̀ ìta ti kó jọ sí ìdí ògiri títí ó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Òjò tó bá rọ̀ á wọnú búlọ́ọ̀kù lọ, á máa gùn ún bọ̀ wá sókè, á sì máa ti símẹ́ǹtì ara ògiri jáde. Ẹ mú ọkọ́, kí ẹ wa yẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò títí ìta yóò fi rẹlẹ̀ ju inú lọ ní bí ìbú ọwọ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dà síta. Iṣẹ́ yìí kò gba kọ́bọ̀ kan, mo sì rò pé òun gan-an ni yóò wo ògiri yín sàn jù.

Ó wá kan ilẹ̀. Símẹ́ǹtì tuntun kì í di símẹ́ǹtì àtijọ́ tó ń dán mú. Ẹ fi òòlù àti ṣísù ṣá a títí ojú rẹ̀ yóò fi rí gbágungbàgun, ẹ gbá eruku rẹ̀ nù, ẹ rin ín dáadáa, kí ẹ da símẹ́ǹtì tí ẹ fi omi pò sí i lórí, kí ẹ sì tẹ́ ilẹ̀ tuntun lé e kí ó tó gbẹ. Korobá símẹ́ǹtì kan sí korobá yanrìn mẹ́ta ni àpòpọ̀ ilẹ̀ tuntun náà. Yanrìn odò tí kò ní amọ̀ nínú ni kí ẹ lò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó tutù, ẹ fún un, kí ẹ da á nù. Bí àtẹ́lẹwọ́ yín bá pupa, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí ibi tó fẹ́lẹ́ jù nínú ilẹ̀ tuntun náà má dín ní sẹ̀ǹtímítà 3.

Ìdagẹ̀rẹ́ ló máa ń ba àwọn tó ń dá a ṣe lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kò le. Sẹ̀ǹtímítà 2 ni kí ilẹ̀ fi rẹlẹ̀ nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra rọ́bà kékeré tí ojú ń rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, kí ẹ rọ omi sí i láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sí i nínú. Kí ọmọ kan di orí kan mú lára ògiri tibí, kí ẹ̀yin di èkejì mú lára tọ̀hún. Ibi tí omi bá dúró sí ní orí méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ fàlà sí i, kí ẹ wá máa wọn ìsàlẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ṣe ìdènà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kí omi má baà wọlé lọ́jọ́ tí ihò tí omi ń gbà jáde bá dí. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fi àpò tí ẹ rì sómi bo gbogbo ilẹ̀ náà, kí ẹ máa rin ín ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́ fún ọjọ́ 7. Ẹni tó bá jẹ́ kí oòrùn yára fa omi rẹ̀ mu, ilẹ̀ rẹ̀ á sán.

Páìpù oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ó gba omi jáde, kí ó má kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ọrùn tó tẹ̀ sí i lábẹ́ ihò, tí omi díẹ̀ yóò máa dúró nínú rẹ̀. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kí òórùn àti aáyán gba ibẹ̀ wọlé. Kòtò tí omi náà yóò wọlẹ̀ sí, kí ó jìnnà sí kànga yín tó mítà 30, àti sí ti aládùúgbò. Lórí èyí, ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́. Iná náà, ẹ pe oníná. Ibi tí omi ń ta sí kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin tàbí bàbá ìbejì yóò ti máa so wáyà.

Ara ògiri tó ń ṣí, ẹ ha á kúrò dé bíi mítà kan sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí ẹ tó rẹ́ ẹ padà. Bí owó bá kù, àwọn ṣọ́ọ̀bù táìlì máa ń ní àṣẹ́kù tí kò tó yàrá kan, wọ́n sì máa ń dín owó rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ àwọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí omi ìfọṣọ ń ta sí. Ilẹ̀ ní tirẹ̀ kò nílò táìlì rárá. Àwọ̀ pupa tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ símẹ́ǹtì tó fún un, ẹrẹ̀ ilẹ̀ wa kì í sì í hàn lórí rẹ̀ bí ó ti ń hàn lórí funfun.

Ti bàtà ló kù. Igbó Ọmọ kò jìnnà sí yín, ilé-ìlagi kò sì wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ lọ bá wọn ra etí pákó, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìrókò tàbí ọ̀pẹpẹ. Arère rọrùn-ún gé lóòótọ́, àmọ́ níbi tí omi bá wà, kíá ló ń jẹrà. Bẹ́ǹṣì kan tí bàbá ìbejì lè jókòó sí bọ́ bàtà, àlàfo lábẹ́ rẹ̀ fún bàtà, pákó kan lára ògiri tí ẹ kan ìṣó sí fún ẹ̀wù oko, èkejì tó rẹlẹ̀ tó ọwọ́ àwọn ìbejì. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níta kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà. Orí òkúta yẹn ni ìdajì ẹrẹ̀ yóò dúró sí. Kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró di ọdún mìíràn.

Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí ní 2024, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ní 2025, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 yára dé lọ́dọọdún, nítorí òṣùpá ló ń tẹ̀ lé. Inú òjò ló ń bọ́ sí lásìkò yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ wa yẹ̀pẹ̀, kí ẹ ha ògiri, kí ẹ sì da ilẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ékòó fún mi ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Àmọ́ níbí, orí ògiri kúkúrú ni táǹkì wa wà. Ẹ̀rọ náà kàn ń kùn ni, omi kì í wọ̀ ọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — Ayálégbé, Ṣágámù

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é, ọmọ mi. Ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa, tú rọ́bà tí omi ń gbà wọlé, kí o wo asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ibẹ̀. Yanrìn borehole máa ń dí i. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, gíga táǹkì ni ẹjọ́ náà. Mítà 10 ni omi gbọ́dọ̀ fi ga kí agbára rẹ̀ tó pé báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí sì ń fẹ́ ìdajì báà ó kéré tán. Mítà 5 nìyẹn, láti ojú omi inú táǹkì dé ẹnu ẹ̀rọ. Ilé onílé ni o wà, nítorí náà má ná owó rẹ kọ́ òpó fún táǹkì ẹlòmíràn. Bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́, kí ẹ ta á, kí o fi owó rẹ̀ ra olójú méjì tí èèyàn ń fi korobá rọ omi sí. Bí ẹ bá sì gbà láti má ta á, má ṣe ju rọ́bà tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde sílẹ̀ẹ́lẹ̀: gbé e kọ́ sókè, láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 láti ilẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi tó ń wọlé á máa ṣàn jáde lọ.

Màmá, ṣé mo lè máa da omi ìfọṣọ sí ọgbà ẹ̀fọ́ mi? — Ìyá Ọlọ́gbà, Ìpẹru

Omi àkọ́kọ́ tí ọṣẹ pọ̀ nínú rẹ̀, rárá. Èyí tí ẹ fi nǹkan ìfọṣọ-funfun sí, rárá pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ fi fọ ìtẹ́dìí ọmọ. Omi ìṣanṣọ ìkẹyìn dára, àmọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ ó já sè lọ́la.